Èsì: Ọbalúayé ní Kúbà

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Kúbà ń bọ Ọbalúayé nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà? Òótọ́ ni o. Lásárù alágbe, tí egbò bo ara rẹ̀, tí ajá ń lá a, ni àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi bo òrìṣà náà lójú àwọn òyìnbó. Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, èrò a máa wọ́ lọ sí El Rincón, lẹ́bàá Havana. Ẹlòmíràn á wọ aṣọ àpò, ẹlòmíràn á fi orúnkún wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Lásárù tó wà níbẹ̀, kí ó lè san ẹ̀jẹ́ ìwòsàn. Orí mi wú! Ṣọ́ọ̀ṣì ní Lásárù bíṣọ́ọ̀bù, èyí tí Jésù jí dìde, ni tòun, ṣùgbọ́n alágbe yẹn ni èrò ń wá.