Olú Ilé Ikán: Ẹ Má Pa Ikán Yín

Ìbéèrè yín ni pé níbo ni ẹ ti lè ra irúgbìn olú tó máa ń hù nídìí ilé ikán, kí ẹ lè gbìn ín sínú àpò lẹ́búlẹ́bú pákó bí wọ́n ti ń gbin àwọn olú mìíràn, àti bóyá kí ẹ kọ́kọ́ pa àwọn ikán tó wà nínú oko yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ń ta irúgbìn olú yìí, ẹ má sanwó fún un, nítorí kò tíì sí ọ̀nà tí àgbẹ̀ lè gbà mú un hù fún títà láìsí ikán nídìí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sapá lórí rẹ̀ ní oko ìdílé wa lágbègbè Iléṣà. Irú àpò tí olú mìíràn ti ń yọ dáadáa ni mo fi í sí, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí kò ju fọ́nrán funfun díẹ̀ tó ń rá pálá, tí gbogbo rẹ̀ á sì bu lẹ́yìn náà. Ohun tó là mí lójú ni ilé ikán kan tí àwọn tó ń la ọ̀nà wó, tí mo sì fara balẹ̀ wo inú rẹ̀. Mo bá àwọn ìṣù kan níbẹ̀ tó ní ihò bí afárá oyin, tí kóró funfun wẹ́wẹ́ sì wà lára wọn. Oko tí àwọn ikán ń dá ni mo ń wò yẹn. Wọn a jẹ igi gbígbẹ àti ewé tó ti kú pọ̀ mọ́ olú, wọn a yà á sórí afárá náà, olú á sì fọ́ ibi tó le jù lọ nínú igi, èyí tí inú ikán fúnra rẹ̀ kò lè dà. Wọn a jẹ kóró funfun náà, wọn a sì tún jẹ afárá tó ti gbó. Bí ikán bá ti kúrò nílé, olú mìíràn tó ti fara pa mọ́ síbẹ̀ ni yóò bo afárá náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ́jú ikán, àti ooru inú ilé wọn tí kì í jìnnà sí 30°C, ni àpò wa kò ní.

Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ìdílé olú yìí ní Termitomyces ní ọdún 1942. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Termitomyces titanicus, tó wà ní Zambia, agboorùn rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Ẹ wo bí oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yóò ti pọ̀ tó!

Nítorí náà, ilé ikán tó bá jìnnà sí ilé gbígbé ni kí ẹ máa tọ́jú. Ẹ má dáná sun ewé àti igi gbígbẹ tó yí i ká, nítorí oúnjẹ wọn ni, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn ikán débẹ̀. Aládùúgbò wa kan da oògùn sí ọ̀kan ní ààlà oko wa, ibẹ̀ tí a ti ń ká olú láti ìgbà ayé bàbá wa. Olú kò tún yọ níbẹ̀ mọ́, ó sì dùn mí títí di òní. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ó bá ti yọ lẹ́yìn òjò, nítorí ó sábà máa ń padà yọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ká a, ẹ má fi ọkọ́ wú ìdí rẹ̀ dé inú ilé ikán, kí ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ kó là tán. Ọ̀pọ̀ irú ikán tó ń dá oko olú ló jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ inú ilé tuntun ló ń lọ ṣa ìyẹ̀ olú, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí olú fi ń tàn kálẹ̀, wá láti ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Macrotermes bellicosus, tó ń mọ òkìtì gíga nílẹ̀ wa, akọ tó bá fò jáde ló ń gbé e sínú lọ.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa jíjẹ rẹ̀. Olú olóró kan wà tó funfun, tó sì máa ń yọ láàárín koríko, Chlorophyllum molybdites. Ó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ gé agboorùn olú tí ẹ bá rí, kí ẹ dojú rẹ̀ bo bébà funfun di ọjọ́ kejì. Bí ìyẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, ẹ dà á nù. Ti olú ikán máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, nítorí àwọn olú olóró kan náà ní irú àwọ̀ yẹn. Ẹ rọra wa ìdí ọ̀kan péré wò: gbòǹgbò gígùn kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ síhà ilé ikán. Olú ọ̀rán kéékèèké nìkan ni kì í ní gbòǹgbò gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí orí wóróworo afárá tí ikán kó jáde ló ti ń hù. Ìyẹn ni kí ẹ má ká láìjẹ́ pé ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ látẹ̀yìnwá bá yín dé ibẹ̀.