Ẹ má tíì lọ sí aṣálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìyá rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo sì tún un kà. Ẹ ní akápò ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù yín ní Ìkọ̀lé kó owó ẹgbẹ́ sálọ, pé ẹnìkan sọ fún yín pé Agadez ló wà, nínú aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Niger, àti pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni kan ní kí ẹ san ìdajì owó iṣẹ́ òun sílẹ̀ kí òun tó gbéra. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ san án, tàbí kí ẹ fúnra yín wọ ọkọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni yìí ni èmi náà ń ṣe l'Ádó-Èkìtì. Mo ti lépa ìsáǹsá dé inú iyanrìn yẹn rí, díẹ̀ ló sì kù kí n má padà wálé.

Oṣù kejìlá ọdún 2017 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mi níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Ìkéré wá bá mi. Akọ̀wé wọn, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló gbé owó tí wọ́n fẹ́ pín fún ọdún Kérésì lọ. Àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti aláta ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé ó gbà pé ọwọ́ ọmọlúàbí ló wà. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Ó kàn gbé káàdì ìdáwó rẹ̀ lé orí itan, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ní kí wọ́n mú ìyàwó ọkùnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, abala keje, kò fàyè gbà á: a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Obìnrin náà jáde, ó sì pa ẹnu dé. Gbogbo ohun tó mọ̀, ó gbé e mì. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín bá ń dá irú àbá yìí, ẹ dá a lẹ́kun kíá.

Èmi náà wá ṣe àṣìṣe tèmi. Mo gbọ́ pé wọ́n rí ọkùnrin náà ní gáréèjì ní Kano, mo sì ki eré mọ́lẹ̀. N kò lọ kí ìyá rẹ̀. N kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan jókòó. Mo gba Kano lọ sí Dàúrà, mo bọ́ sí Niger ní Kóńgólám, mo sùn ní Zinder, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Agadez. Ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà pọ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó sọ̀kalẹ̀. Owó sẹ́fà tí mo ṣẹ́ dání ti dín kù gan-an kí n tó rí ìlú náà.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo yọ fọ́tò. Ohun tí ọlọ́pàá máa ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ mi kò sì tíì kúrò nínú ẹ̀. Mo ń fi han àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn tó ń ṣẹ́ owó, àwọn tó ń ta káàdì fóònù. Kò sẹ́ni tó wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé láti ọdún 2015 ni Niger ti ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó àwọn àjèjì kọjá sí Libya, pé wọ́n ti ju àwọn awakọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ti gba ọkọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní gbangba tẹ́lẹ̀ ti wọ inú àgbàlá. Àjèjì tó bá ń fi fọ́tò kiri ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ni lójú wọn. (Ìjọba ológun wọn ti fagi lé òfin náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nítorí náà ọkọ̀ ti tún ń lọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.)

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọkùnrin kan wá bá mi. Ó ní ọkùnrin inú fọ́tò yìí ti tẹ̀ lé àwọn ológun lọ sí Dirkou, ìlú kan lójú ọ̀nà Libya, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ máa ń gbéra láti Agadez, tí àwọn sójà máa ń sìn wọ́n gba inú aṣálẹ̀ Ténéré kọjá, bíi 600 kìlómítà. Mo san owó fún ọmọ náà. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ohun tó sọ ló bá ohun tí mo ti ní lọ́kàn mu: pé ọ̀daràn ń sá, èmi náà ń lé e.

Ẹ̀yìn Hilux ni mo jókòó sí. A tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí rẹ̀. Wọ́n de igi mọ́ etí ọkọ̀, ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ a ki igi náà sáàárín itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fì lóde. Tó bá tòògbé tó já bọ́, awakọ̀ lè má dúró. Omi wa wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé, tí wọ́n fi okùn rán an pinpin, tí wọ́n sì rọ omi sí lára kí atẹ́gùn lè mú un tutù. Olúkúlùkù ló kọ nǹkan sára tirẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ àdúrà. Nígbà tí n kò rí nǹkan mìíràn wò, mo ń kà wọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ wa rì. Awakọ̀ jọ̀ táyà díẹ̀ kó lè fẹ̀ lórí iyanrìn, a gbẹ́ ilẹ̀, a tì í, a gbé irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń jáde ni kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ jó. Àwọn ọkọ̀ tó kù nínú ọ̀wọ́ náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo dàgbà sábẹ́ òkúta Olósùnta. Níbikíbi tí mo bá dúró sí l'Ékìtì, mo máa ń rí òkè kan tí mo lè fi mọ ibi tí mo wà. Níbẹ̀, ojú kò rí ohun tó lè gbà dúró. Awakọ̀ náà, ọmọ ẹ̀yà Tuareg tó ń gbé inú aṣálẹ̀ yẹn, ló sọ fún mi pé igi kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àyíká Ténéré láyé àtijọ́, pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lù ú ní ọdún 1973 tó fi wó, àti pé òkú igi náà wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey báyìí.

Ọmọdé ni òtútù ọ̀yẹ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mú wa lóru ọjọ́ yẹn. Ìdérí fúláàsì ni awakọ̀ fi ń wọn omi fún wa, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Ọmọkùnrin kan tó wá láti ìhà Edo rẹ gàrí díẹ̀, ó fún mi ní ṣíbí méjì nínú ẹ̀, ètè mi sì ti là débi pé ẹ̀jẹ̀ bá gàrí náà wọnú. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a ti wà lójú kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iyọ̀ àti èso déètì bọ̀ láti ìhà Bilma rí wa. Àwọn ló gbé èmi àti àwọn mélòó kan padà sí Agadez.

Ibùsùn àìsàn ni mo wà nígbà tí mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó kúrò l'Ádó. Mo pe ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo ní kó lọ kí ìyá ọkùnrin náà ní Ìkéré. Mo ní kó má béèrè nǹkankan lọ́wọ́ ìyá. Ó bá wọn gún iyán, ó bá wọn fọ odó. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni ìyá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀: “Ọmọ mi ní kò sí uyán níbi tí òun wà.” Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pè, fóònù ẹlòmíràn ni, +227 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ìyá bá òun ta ọ̀kadà òun, kí ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan yìí ṣe. Ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí wọ́n ta ọ̀kadà kò ní owó lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tí kò ní owó kò lè wọ Hilux. Agadez ló wà, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àmọ́ mo ti rin ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí n tó rántí ilé.

Mo wá bi ara mi pé kí ni aláìlówó ń ṣe jẹun ní ìlú yẹn. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ìgboro àtijọ́ Agadez. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́sálásí ńlá wọn, tí wọ́n kọ́ ní 1515, ga tó mítà 27, amọ̀ ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, igi sì yọ sóde lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Ìlú amọ̀ kì í ṣaláì nílò ẹni tó ń po amọ̀. Mo fi fọ́tò sínú àpò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ìdí tíì. Ife mẹ́ta ni wọ́n máa ń mu, kíkorò ni ti àkọ́kọ́, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ gidi kí ó tó di ife kẹta. Níbi ife kẹta lọ́jọ́ kejì ni bàbá kan ti júwe ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń gé búlọ́ọ̀kù amọ̀, lẹ́yìn ìlú.

Kẹ́ẹ̀gì méje ló tò sábẹ́ ìbòòji ògiri níbẹ̀. Wọ́n fi máákà dúdú kọ “ỌMỌ UKÉRÉ” sára ọ̀kan. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì lè má mọ̀ pé Ìkéré nìyẹn, bí àwa ṣe ń pè é nílé. Kò sì fi àmì roboto sábẹ́ Ọ méjèèjì. Igi kékeré tó nà ṣánṣán ló fà sábẹ́ wọn. Ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọdún mẹ́sàn-án wà nínú báàgì mi. Igi yẹn ló wà lábẹ́ gbogbo ẹ àti ọ inú ẹ̀, ojú ìwé dé ojú ìwé, ọwọ́ tíṣà. Kò kọ orúkọ rẹ̀, ó farapamọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè kọ Yorùbá ní ìkọkúkọ.

Mo jókòó ti kẹ́ẹ̀gì náà títí oòrùn fi wọ̀. Ó dé, ó ti gbẹ, amọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kó ṣí ìdérí ni mo ní, “Ẹ kú uṣẹ́ o.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdérí. Kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, “Ṣé màmá mi ṣì wà?” Láti Zinder ni mo ti ń to ohun tí mo máa sọ fún un jọ, n kò rí ọ̀kankan sọ nínú wọn.

Àwọn agbódegbà ti gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ní Agadez. N kò fi ipá mú un, mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un. Ẹni tó bá fi agbára wọ́ ènìyàn gba ẹnu ibodè kọjá, ìjínigbé ló ṣe, bí ó ti wù kí ìwà ẹni náà burú tó. A sọ̀rọ̀ fún òru méjì. Lẹ́yìn náà ló bá mi lọ sí ibùdó IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní ìlú náà, tó ń ran àwọn tó bá fẹ́ padà sílé lọ́wọ́. Ó padà, ó dúró níwájú adájọ́, wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Bàbá tó ń nu káàdì yẹn kú kí tirẹ̀ tó pé. Tí mo bá ti lọ kí ìyá yẹn lọ́jọ́ kìíní, mo gbà pé ì bá rí i gbà.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń gba ìdajì owó sílẹ̀, ẹ bi í bóyá ó gbọ́ Hausa, kí ẹ sì bi í bó ṣe máa mú ọkùnrin náà wá. Tó bá ní òun máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ́ ọ wálé, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá lọ sí ilé ìyá akápò yín tàbí ti ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Obìnrin ni kí ẹ rán, ẹni tí kò bínú. Kó mú nǹkan dání, kó sì jókòó pẹ́. Nọ́ńbà tó fi ń pè ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. +227, Niger ló wà. +213, Algeria ni, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n máa ń lé ènìyàn dà sínú aṣálẹ̀ ní ìhà Assamaka, ní ẹnu ibodè Niger, láti ibẹ̀. Tó bá jẹ́ +218, Libya nìyẹn. Tí ìyá bá ní ó ń sunkún, pé ẹlòmíràn ló ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń béèrè owó, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìsáǹsá. Ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ó ń béèrè owó tàbí ó ń fi ránṣẹ́. Ẹ wá kọ ohun tí ìyá bá sọ síbí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ oúnjẹ pàápàá, mo máa dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà.