Yọ́gọ́ọ̀tì ewúrẹ́ tí kì í ki, àti àgùntàn tí ẹ fẹ́ kó kún un

Ẹ ní yọ́gọ́ọ̀tì tí ẹ ń fi wàrà ewúrẹ́ yín ṣe kì í ki, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ra àgùntàn méjì mẹ́ta kún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin méjèèjì pọ̀, tí mo sì ń fi wàrà wọn ṣe yọ́gọ́ọ̀tì tí a ń jẹ nílé. Ẹ má tíì pààrọ̀ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba yọ́gọ́ọ̀tì jẹ́, inú ọgbà ẹran ló ti ṣẹlẹ̀ kí wàrà tó dé ilé ìdáná.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ewúrẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Casein ni pròtéènì tó ń mú wàrà dì, irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní alpha-s1 sì kéré nínú wàrà ọ̀pọ̀ ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí yọ́gọ́ọ̀tì rẹ̀ fi máa ń rọ̀. Ti àgùntàn yàtọ̀: ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú 100, ti ewúrẹ́ sì sábà máa ń wà láàárín 3 sí 4, pròtéènì ti àgùntàn náà ló pọ̀ jù. Nítorí náà, èrò yín dáa. Bí mo bá da wàrà àgùntàn ìwọ̀n kan mọ́ ti ewúrẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta, ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn kedere. Kí ẹ kàn mọ̀ pé wàrà àgùntàn kì í pọ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó gbẹ, nígbà tí ewúrẹ́ tó dáa lè máa mú wàrà wá fún bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn tó bímọ.

Ibi tí sísin wọn pọ̀ ti lè pa yín lẹ́kún ni oúnjẹ. Bàbà, irin pupa tí wọ́n ń pè ní copper, wà nínú iyọ̀ lílá àti oúnjẹ ẹran tí wọ́n ń tà. Ewúrẹ́ nílò rẹ̀ dáadáa. Àgùntàn kò lè tètè tú u jáde lára. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó o jọ sí. Ara rẹ̀ á dá ṣáká lójú yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹ̀dọ̀ yóò tú gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á pọ́njú, á pọ́ntọ̀, ikú ló sì sábà ń tẹ̀ lé e. Ẹ ya ọpọ́n oúnjẹ wọn sọ́tọ̀, kí iyọ̀ ewúrẹ́ má sì sí níbi tí ẹnu àgùntàn lè dé.

Ẹ má jẹ́ kí àgbò àti òbúkọ jọ wà lójú kan. Òbúkọ máa ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde kó tó kàn. Àgbò kì í dúró dè é, sáré ló ń sá wá, ikùn ló sì ń kàn án sí. Òórùn òbúkọ tún máa ń wọ wàrà, ẹ jẹ́ kó jìnnà síbi tí ẹ ti ń fún wàrà.

Aràn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, Haemonchus, ń bá àwọn méjèèjì jà, pápá tó bá sì ti bàjẹ́ fún ọ̀kan ti bàjẹ́ fún èkejì. Ewúrẹ́ ló tètè ń kó o jù. Ẹ máa fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ fi ẹran náà sílẹ̀. Bó bá funfun, tàbí tí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, ó nílò oògùn kíákíá. Ẹ má fún gbogbo agbo lóògùn torí pé oṣù ti yí. Ṣe lẹ ń kọ́ aràn bí yóò ṣe fara da oògùn. Ìwọ̀n tó tó àgùntàn kì í sábà tó ewúrẹ́, dókítà ẹran ni kí ẹ bi.

Yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ki yàtọ̀ sí èyí tí kò dì rárá, tó jẹ́ pé wàrà náà lẹ tún bá láàárọ̀. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè ẹran tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Àǹtíbáyótíìkì tí a fi tọ́jú ọmú tó wú máa ń bá wàrà jáde, yóò sì pa àwọn bakitéríà tó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì. Iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ fi lo wàrà wà lára ìgò. Ẹ pa á mọ́, bó tilẹ̀ dùn yín láti da wàrà nù. Lójoojúmọ́, ẹ fún díẹ̀ sínú ife dúdú kí ẹ tó gbé garawa síbẹ̀. Bí ìṣù wẹ́wẹ́ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí apá kan ọmú le tó sì gbóná, wàrà yẹn ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò. Wàrà ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ti ọmọ ni. Bí ẹ bá gbé e kaná, ṣe ló máa ṣù.

Ẹ gbé wàrà dé 85 °C, kí ẹ fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Kì í ṣe torí àìsàn nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé brucellosis ń gba inú wàrà tí a kò sè wọ ara ènìyàn. Ooru yẹn ń yí pròtéènì inú omi wàrà padà, tí yóò fi lẹ̀ mọ́ casein, ibẹ̀ sì ni kíki ti ń wá. Bó bá rọlẹ̀ dé 43 °C, ẹ po ṣíbí ńlá méjì yọ́gọ́ọ̀tì tó ṣì tuntun mọ́ lítà kan, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó móoru fún wákàtí 5 sí 8. Ẹ má mì í, ẹ má máa ṣí i wò. (Àwọn ọmọ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún.) Inú fíríìjì ni kó sùn kí ṣíbí tó kàn án.

Títí ẹ ó fi rí àgùntàn rà, ẹ da yọ́gọ́ọ̀tì náà sínú aṣọ mímọ́, ẹ so ó rọ̀ fún bíi wákàtí méjì kí omi rẹ̀ jò, á ki. Tí ẹ bá sì ń ra àgùntàn, èyí tó ti bímọ rí ni kí ẹ wá, kí ẹ fọwọ́ tẹ apá ọmú méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá bá kókó níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.