Wọ́n dá ìwé tí mo gbé lọ fún àbúrò mi padà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Oṣù kẹjọ rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọn ò sì tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo mú Bíbélì àti ìwé méjì lórí ìtàn òṣèlú ilẹ̀ wa lọ fún un. Wọ́dà gba Bíbélì, ó dá méjì yòókù padà, ó ní irú wọn máa ń da orí ẹlẹ́wọ̀n rú. Ṣé ó láṣẹ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Yíyẹ ìwé wò, iṣẹ́ wọ́dà ni, torí àwọn kan a máa tọ́jú igbó sẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó dá ìwé padà nítorí pé ó kan òṣèlú, n kò fara mọ́ ọn rárá.

Àbúrò rẹ kò tíì jẹ̀bi. Nínú ìlànà lórí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015, tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè, ìlànà 117 ní ẹni tí kò tíì gba ìdájọ́ lè fi owó ara rẹ̀ tàbí owó ẹlòmíràn ra ìwé, ìwé ìròyìn àti ohun ìkọ̀wé, bí kò bá ṣáà ti pa ẹjọ́ tàbí ààbò ọgbà lára. Ẹlòmíràn yẹn, ìwọ gan-an ni.

Má bá wọ́dà jà lẹ́nu géètì o. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọgbà, dárúkọ ìwé méjèèjì, kí o ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi dá wọn padà sílẹ̀. Fún lọ́yà rẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Ìwé tí èèpo rẹ̀ rọ̀ ni kí o máa mú lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, abẹ ni àwọn wọ́dà fi la ẹ̀yìn ìwé atúmọ̀ èdè mi lójú mi. Ọkùnrin kan nínú kíláàsì fi òkèlè ẹ̀bà lẹ̀ ẹ́ padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́jú. Ìwé náà kò tú mọ́.

Ní Brasil, ìwé kan tí ẹlẹ́wọ̀n bá kà, tó sì kọ àròkọ lé lórí, lè gé ọjọ́ mẹ́rin kúrò nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, títí dé ìwé 12 lọ́dún. Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé ní Kàdúná nígbà ogun abẹ́lé, àlàfo àárín ìlà ìwé ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, tàdáwà tó pò fúnra rẹ̀ ló sì fi ń kọ ọ́.

Nígbà tí o bá tún lọ, bi àbúrò rẹ léèrè ìwé tí òun gan-an fẹ́ kà.