Ẹbí ọkọ mi ní ká parí ẹ̀ nílé

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, sọ fún mi pé àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ti ń fipá bá òun lò pọ̀ láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn ti pé ọ̀sẹ̀ 3. Ìyá ọkọ mi ní tí mo bá pe ọlọ́pàá, mo tú ilé nìyẹn. Pé àwọn á lé ọmọkùnrin náà lọ sábúlé, àwọn á sì fún wa lówó ìtọ́jú. Ọkọ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ yìí ò pariwo. Kí ló ń fa irú èyí? Ṣé ó ti ba ọmọ mi jẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ sí. Ọmọ yín ò bàjẹ́. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, àmọ́ ọmọ ń gbọ́. Ọmọ ọdún 9 kan jókòó síwájú mi rí, ó ń lọ́ etí yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ títí òwú ibẹ̀ fi tú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ẹnikẹ́ni ṣì máa fẹ́ òun. Lẹ́nu àgbà ló ti gbọ́ ọ.

Ní ti pé kò pariwo: tí ẹ̀rù ńlá bá bani, ara lè le gbagidi bí igi, ohùn ò ní jáde. Àgbàlagbà pàápàá, ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àti pé ta ni ọmọ yìí máa pariwo lé lórí? Bọ̀ọ̀dá tó ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé kó máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. A kọ́ àwọn ọmọ wa pé wọn ò gbọdọ̀ já àgbà níyàn; a ò kọ́ wọn ní ìgbà tí wọ́n lè kọ̀.

Ibẹ̀ náà lohun tó ń fà á wà. Àwọn kan á ní aṣọ tí obìnrin wọ̀ ni, àwọn kan á ní èṣù ni, tàbí ọtí. Ọtí lè dá kún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọ̀gá obìnrin tí àbúrò ọkọ yín ní níbi iṣẹ́ ń kọ́? Ìyàwó sójà tó wà ní yàrá kejì ń kọ́? Kò dán an wò lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí agbára ẹ̀ ò ká a ló lọ bá, ní wákàtí tí ẹ ti lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ṣa ìgbà, tó ń ṣa ẹni, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó sì ti mọ̀ pé tí àṣírí bá tú, ẹbí á pé jọ, àwọn kan á dọ̀bálẹ̀, owó á jáde, wọ́n á ní kó lọ fara pamọ́ sábúlé. Ṣé kò sí ọmọ ọdún 11 lábúlé ni?

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti UNICEF ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, nǹkan bí ẹnì 1 ti rí ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ kó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, ẹnì 1. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. (Àwọn ọmọkùnrin yẹn gan-an, ta ló ń bi wọ́n léèrè?)

Owó ìtọ́jú yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó là kalẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ì báà jẹ́ wọ́n ní ọmọ náà gbà. Kéèyàn gba owó láti bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lábẹ́ òfin.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìjọba Èkó ní Ìkẹjà. Ọdún 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn kì í gbowó. Ní ti ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́, DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, á bá yín dá sí i. Ní Mirabel, wọ́n á yẹ HIV àti àwọn àrùn mìíràn wò, wọ́n á yẹ oyún wò bí kò tiẹ̀ tíì máa rí nǹkan oṣù. Tí dókítà bá ní òun ò rí ọgbẹ́, kò túmọ̀ sí pé ọmọ purọ́: ara ọmọdé ń tètè jinná, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí àpá kankan.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, tí tiyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì gbé omi àti Dettol kaná. Ẹ má wẹ ọmọ. Ẹ kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà. Ọ̀rá máa ń mú ẹ̀rí tó wà lára aṣọ náà jẹrà. Kí wákàtí 72 tó pé ni oògùn ọjọ́ 28 tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti oyún lè dé ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe yára tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Nílé, màmá, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Ó lè máa ta jí lóru, kó ní kí ẹ má pa iná. Ní ilé ìwé, wọ́n lè ní orí ẹ̀ ti kú. Ẹ má nà án, ẹ má sì máa bi í léèrè ìtàn yẹn léraléra. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bi máa bi í. Iṣẹ́ tiyín ni kó gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹ gbà á gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, kí ọmọkùnrin yẹn má sì sun ilé yẹn mọ́ lálẹ́ òní. Mo ti rí ọmọ tí èyí gbé dìde ju oògùn lọ.

Ẹ mú bàbá ẹ̀ dání lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ bàbá tí kò lè dáhùn láàárín ìyàwó àti ìyá ẹ̀ máa ń gbọ́ ti dókítà. Tí ò bá lọ, ẹ má dúró dè é. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà dání, torí ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí ẹ̀.