Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó bèèrè sìmẹ́ńtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n fẹ́ gbà yín síṣẹ́ bíríkìlà ní ìlú èbúté kan tí ogun bà jẹ́, ìlú tó dá wà lọ́nà jíjìn, ẹ sì ń bèèrè bóyá ọdún márùn-ún á tó láti tún un kọ́. Kò ní tó. Káfíńtà ni mí ní Darwin, lápá àríwá Ọsirélíà, ojú ibẹ̀ sì ti rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejì, 1942 ni bàálù ogun Jàpáànù ya bo ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó kú lé ní 200. Ẹ̀gbẹ́ jẹ́tì, ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ni ọkọ̀ òkun Neptuna, tó kó ohun ìjà, ti bú gbàù. Ẹ wò ó, ojú ọ̀nà tí pákó àti sìmẹ́ńtì ì bá gbà wọlé gan-an ni wọ́n fọ́. Rélùwéè láti gúúsù ò dé Darwin àfi ní 2004! Stokes Hill Wharf, jẹ́tì tuntun, di 1956 kó tó parí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó rì ṣì wà nísàlẹ̀ omi títí di 1959, nígbà tí ilé iṣẹ́ Fujita, ti àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn, wá ń kó irin wọn jáde.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló fa ìdádúró jù. Ní 1945, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin, ó gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ilẹ̀ aládàáni ìlú náà, ó sanwó fún onílẹ̀, ó ní líìsì, ìyẹn yíyá ilẹ̀ lò fún iye ọdún kan, lòun á máa fúnni. Ìjọba wá di ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo. Ta ló máa kọ́ ilé gidi sórí ilẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí ìwé rẹ̀ máa jáde? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé inú ahéré onípáànù tí àwọn ṣọ́jà fi sílẹ̀. Àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Cavenagh Street ò padà sí bó ṣe wà mọ́.

Àmọ́ nígbà tí ìjì Tracy wó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìlú náà lọ́jọ́ Kérésì 1974, ìgbìmọ̀ àtúnkọ́ ìlú kan ṣoṣo ló ní owó, tó tún ní àṣẹ. Nígbà tó fi di 1978, wọ́n ti parí iṣẹ́ wọn. (Àlejò tó bá rí àwókù gbọ̀ngàn ìlú ní Smith Street á ní bọ́ǹbù ni. Irọ́ ni, Tracy ni.)

Ìdádúró kan èmi náà o. A ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan, ṣọ́bìrì bá ta irin roboto kan tó ti dípẹtà. Fọ́máànù ní ó lè jẹ́ bọ́ǹbù ayé ogun, ká fẹsẹ̀ fẹ. Ọlọ́pàá dé, àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù náà dé. Ìdí páìpù àtijọ́ ni! Àmọ́ ojúmọ́ kan kọ́ la fi jókòó, agbaṣẹ́ṣe ò sì san kọ́bọ̀ fún wa, ó ní kò sí nínú àdéhùn.

Nítorí náà, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ ẹrù ńlá ti ń gúnlẹ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kọ owó ọjọ́ ìdádúró sílẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ máa bọ̀ ná, ẹ jókòó sílé yín.