"Iná kú, ó feérú bojú": kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe "iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò" ní olùkọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ sọ pé eérú jẹ́ àmì pé gbogbo nǹkan ti tán, bíi eruku tútù tó wà lẹ́yìn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, tí kò ní ooru kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, nítorí kò tọ̀nà nípa eérú, kò sì tọ̀nà nípa eruku.

Apá ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yé gbogbo ènìyàn. Ti iná ni kí ẹ gbọ́ dáadáa: òwe náà kò ní iná parẹ́, ó ní ó bojú ni, èyí tó fi hàn pé agbára ẹni tó lọ ṣì wà nínú ohun tó fi sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í fi ojú nìkan wo ààrò láàárọ̀. Wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè eérú, bí ooru bá sì ti kan ọwọ́ wọn, wọ́n á wa eérú náà títí wọn yóò fi kan ẹyin iná. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi gáàsì dáná lónìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń gba irú àlàyé yẹn gbọ́.

Bí àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ṣe mọ̀ nípa eruku náà nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Amẹ́ríkà, Nẹ́dálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi awò awọ̀nàjíjìn IRAS ránṣẹ́ sí òfurufú láti gba ìtànṣán ooru tí ojú kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní infurarẹ́ẹ̀dì. Ooru tó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ Vega wá pọ̀ ju èyí tí ìràwọ̀ nìkan lè mú jáde lọ, nítorí eruku tútù tó yí i ká ń gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì ń dá a padà ní ooru. Wọ́n rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìràwọ̀ Fomalhaut àti Beta Pictoris pẹ̀lú.

Oòrùn tiwa náà ní tirẹ̀. Láti ọdún 1992 tí àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, David Jewitt àti Jane Luu, ti rí ohun kékeré kan lẹ́yìn pílánẹ́ẹ̀tì Neptune ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta oníyìnyín níbẹ̀, tí ìkọlura wọn ń dá eruku sílẹ̀. Eruku náà tutù tó nǹkan bí 230 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, síbẹ̀ ó ń mú ìtànṣán ooru jáde. Eruku tó sún mọ́ Oòrùn, tó gbóná jù ú lọ, ló ń bo eruku ọ̀nà jíjìn yìí mọ́lẹ̀ lójú àwọn awò wa. Ọkọ̀ òfurufú New Horizons, tó gbéra ní ọdún 2006, ló wá bá eruku náà níbẹ̀: eruku náà ṣì ń kọlu ẹ̀rọ tó ń kà á, kódà níbi tí wọ́n ti rò pé yóò ti máa dín kù.